Sìdíkátù àti Bọ́tìnì Ọtomátíìkì

Bí ẹ bá dé Ẹ̀gbẹ́dá ní Èkó, tí ẹ béèrè obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ kò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tóbi. Tábìlì méjì ló wà níbẹ̀, àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba mọ́, àti fáànù gíga kan tó máa ń pariwo ju bó ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn lọ. Ohun tó jẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n ni pé obìnrin ni, tó ń wọ híjáàbù gígùn, tó sì ń tú ikùn kọ̀ǹpútà bí ẹni ń tú ẹja tútù. Oníbàárà tuntun á yọjú, á ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹnjiníà ńkọ́?" Sìdíkátù á ní, "Ẹ jókòó, ó ń bọ̀." Á kẹ́yìn sí i, á mú sikurudíráfà lórí tábìlì, á tún kọjú sí i padà, á ní, "Ó ti dé."

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọdún 2001 ló bá àbúrò ìyá rẹ̀ wá sí Ìkòtún láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Kò tíì kọ́ ọ dé ìdajì tí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà fi kú, tí wọ́n sì ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Báyọ̀dé láti ibùdókọ̀ Pleasure pé kó wá tún un ṣe. Bí Báyọ̀dé ṣe ṣí i báyìí, Sìdíkátù fi ìwé tó ń tẹ̀ sílẹ̀, ó lọ dúró lé e lórí. Kí lèyí? Kí nìyẹn ń ṣe? Bí wọ́n bá yọ tọ̀hún ńkọ́? Ọkùnrin náà fara dà á títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ó fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Sìdíkátù dágbére fún ìwé títẹ̀. Ó lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ Báyọ̀dé, ó gba fírídọ́ọ̀mù, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó fẹ́ Mùíz tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ́ọ̀mù, ó sì bí Qonitah.

Iṣẹ́ kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń tìtorí rẹ̀ wá bá a láti Ìgàndó, láti Ìpájà. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ìwọ̀n eré tí àwọn tó ṣe é ní kó máa sá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọ̀nà lè wọ inú bọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ so mọ́, kó sì ní kó sá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ tó ń gbá géèmù ń pè é ní ofakílọ́ọ̀kì. Sìdíkátù máa ń sọ pé òun kàn ń gún un ní kẹ́sẹ́ ni.

Ọ̀nà méjì ló sì wà láti gún un. Àwọn bọ́ọ̀dù ìgbàlódé ní bọ́tìnì kan. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀dù á ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀: á gbé eré sókè, á fi iná kún iná, kí o tó mu omi tán ó ti parí. Ìyẹn ni ọtomátíìkì. Ọ̀nà kejì ni kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sókè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó dán an wò, kó tó gbé òmíràn.

Sìdíkátù kì í tẹ bọ́tìnì. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní 2008, fún oníbàárà kan tó ń kánjú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kọ̀ǹpútà náà fi sáré bí ẹṣin. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn nǹkan kéékèèké tó dà bí agolo lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀ wú bíi pọ́fù-pọ́fù, bọ́ọ̀dù sì kú pátápátá. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọtomátíìkì dà bí àlejò tí ẹ ní kó bá yín se ọbẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má baà ní kò dùn, gbogbo epo tó wà nínú ike ló máa dà sí i. Iná tí kọ̀ǹpútà kò nílò ni bọ́tìnì yẹn máa ń dà fún un kó má baà ṣubú, iná yẹn ló sì ń di ooru.

Ti ọwọ́ ló gbà. Ó máa gbé eré sókè ní ẹyọ kan, ó máa gbé iṣẹ́ líle fún kọ̀ǹpútà náà, á wá fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ jáde, á kà á yípo. Bí kọ̀ǹpútà kò bá dì, kó dúró gbagidi, kó tó ka ẹyọ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tán, ó di ẹyọ mìíràn nìyẹn. Àwọn ará ìsọ̀ tó yí i ká gbà pé ó ń gbàdúrà sí ẹ̀rọ ni. Ó ní kò sí èyí tó burú níbẹ̀, àdúrà kì í pọ̀jù, ṣùgbọ́n àkókò lòun ń fi wọ̀n. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí ìyá ọkọ rẹ̀, Àlhájà Àmínát, fi dá sí i. Ìjà kò sí láàárín wọn o. Àlhájà fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀ ju Mùíz tó fi inú ara rẹ̀ bí lọ, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀. Tòmátò àti tàtàṣé ni màmá náà ń tà ní ọjà Shasha, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún. Ara ti ń wá ìsinmi. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn, ó sì ń wá ẹni tó fọkàn tán tí yóò jókòó sí ìsọ̀ náà. Sìdíkátù ni ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀.

"Ìyàwó mi," ó ní lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, "kọ̀ǹpútà tí ò ń tú yìí, ta ló ń jẹ ẹ́? Kò sí ilé tí wọn kì í jẹ tòmátò."

"Màámi, ẹ má bínú. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyí."

"Iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé padà wá bá ẹ lójoojúmọ́? Àbí mi ò kì í rí wọn ni?"

Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Sìdíkátù ní àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ padà wá, Nẹ́pà ló bà á jẹ́ fún wọn, tàbí ọmọ wọn ló da mínírà sí i. Pé ó ti di ọdún mẹ́ta tí àṣìṣe ọwọ́ òun ti ba ohunkóhun jẹ́ kẹ́yìn. Ì bá dákẹ́ síbẹ̀. Kò dákẹ́. "Màámi, bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá padà wá nítorí àṣìṣe ọwọ́ mi kí Iléyá tó dé, mo máa ti ṣọ́ọ̀bù yìí, mo máa tẹ̀ lé yín lọ sí Shasha."

"Ó ti parí," ni Àlhájà wí. Mùíz, tó mọ̀ pé ọkùnrin tó bá dá sí ọ̀rọ̀ ìyá àti ìyàwó, òun làwọn méjèèjì máa padà dojú kọ, ń bu ẹ̀bà rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Oṣù kan kọjá, ẹ̀rọ kankan kò padà. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀ kí Iléyá dé nígbà tí oníbàárà rẹ̀ kan, Zacchaeus, gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá láti Baruwa. Fídíò ni Zacchaeus ń ṣe. Ìjọ aláṣọ funfun tí òun àti ìyá rẹ̀ ń lọ fẹ́ ṣe ìkórè, wọ́n sì ní kó ṣe fídíò tí wọ́n máa wò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó ti ya gbogbo rẹ̀, ó ti gé e, ó ti tò ó. Ó ku kí kọ̀ǹpútà pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di odidi kan, ìyẹn sì ń gba wákàtí mẹ́fà gbáko láìdúró. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ní, bí wọ́n bá rọ epo kún un dé ẹnu, wákàtí márùn-ún àbọ̀ ló máa ń gbé. Wọn kì í sì í rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àyàfi ẹni tó bá fẹ́ jóná. Bó bá sì ti kú lójú ọ̀nà, àtìbẹ̀rẹ̀ ni.

"Àǹtí Sìdí, bọ́ọ̀dù yìí ní bọ́tìnì ẹ̀, mo rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì," Zacchaeus ní. "Ẹ kàn bá mi tẹ̀ ẹ́, kí n máa lọ jàre."

"Ìwọ náà ní ìka. Kí ló dé tí o ò tẹ̀ ẹ́ nílé?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, mà."

"Ẹ̀rù yẹn ló gbọ́n jù lára ẹ. Fi sílẹ̀, padà wá lẹ́yìn Àsárì."

Ẹyọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni eré kọ̀ǹpútà náà nígbà tó wọlé. Sìdíkátù gbé e sórí tábìlì, ó tú ìdérí rẹ̀ sọ́tọ̀, ó kọjú fáànù gíga sí ikùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gbogbo alátùn-únṣe Ẹ̀gbẹ́dá ṣe máa ń ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tẹ̀sùbáà yípo. Márùndínlógójì, ó yípo. Nígbà tó dé mẹ́tàlélógójì, ojú kọ̀ǹpútà dì. Ó padà sí méjìlélógójì, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ náà kò dì mọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fi ìka lu tábìlì. Ó dé ìdérí padà, ó gbé e fún Zacchaeus, ó ní kó lọ jayé orí ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, Àlhájà wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó kó tàtàṣé ọbẹ̀ wá fún wọn. Fóònù Sìdíkátù dún. Fóònù náà kì í sọ̀rọ̀ sí ènìyàn létí mọ́, àfi kó sọ ọ́ síta fún gbogbo ayé.

"Àǹtí Sìdí! Ó ti kú lẹ́ẹ̀mẹta láti ìdájí! Kì í lò tó wákàtí kan, ó ń pa ara ẹ̀! Ọ̀la nìkórè o!"

Àlhájà rọra tún ìborùn rẹ̀ wé. "Baruwa ni àbí? Jẹ́ ká jọ lọ."

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wọn, ọkàn Sìdíkátù wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù yẹn kò tóbi, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ohun tó dá ní láyé yìí tí kò sí ẹni tó bá a dá a sílẹ̀. Ó ń ro ohun tó máa sọ. Bóyá Nẹ́pà ni. Bóyá jẹnẹrétọ̀ ló ń fa iná sókè sódò. Bóyá Zacchaeus ti lọ tẹ bọ́tìnì ọtomátíìkì yẹn, ó sì bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé kó jẹ́ pé ó tẹ̀ ẹ́.

Zacchaeus kò tẹ nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà náà wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, láàárín àga àti ògiri, wọ́n fi aṣọ funfun kan tó nípọn bò ó látòkè dé ilẹ̀, ìgò omi àdúrà sì wà lórí aṣọ náà. Ìyá Zacchaeus, Matilda, dìde nínú sùtánà rẹ̀ láìwọ bàtà, ó kí wọn káàbọ̀.

"Ẹ wo eruku Baruwa," Matilda ní. "Mo ní kí n bá a bò ó, torí iṣẹ́ Ọlọ́run ló ń ṣe. Ó sì ń hó láti àná, ni mo ṣe gbé omi lé e lórí."

Àlhájà wo aṣọ náà, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. "Ó tán! Ta ló máa bò wá báyìí nínú ooru yìí tí a ò ní kú? Aṣọ ló pa á. Ọwọ́ ìyàwó mi kọ́." Ẹ gbà mí gbọ́, obìnrin tó fẹ́ borí ló sọ bẹ́ẹ̀. Kì í rẹ́ni jẹ.

"Mọ́mì!" Zacchaeus fi igbe ta. "Ṣé ẹ rí ohun tí ẹ ṣe? Gbogbo ìjọ máa jókòó lọ́la, kí ni mo máa fi hàn wọ́n?"

Matilda káwọ́ lérí. Ó ká aṣọ náà kúrò, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ, ó tún ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Nẹ́pà ti mú iná wá lákòókò náà, ni Sìdíkátù bá tan ẹ̀rọ náà. Kò sí aṣọ lórí rẹ̀ mọ́. Ó gbé iṣẹ́ fún un, ó ń wo ìwọ̀n ooru lójú rẹ̀. Ooru ń gòkè. Kò dúró. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí kọ̀ǹpútà tún kú.

"Ooru aṣọ yẹn ló ṣì wà nínú ẹ̀," ni Zacchaeus wí.

Sìdíkátù nìkan ló mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ìdérí irin náà, ó gbóná bí ìdí ìkòkò, gbogbo rẹ̀ sì yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, ìhòòhò ni ẹ̀rọ yìí wà nígbà tó dán an wò, fáànù gíga sì ń fẹ́ ẹ nínú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Níbí, ó wọ ẹ̀wù irin, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò sí ẹni tó ń fẹ́ ẹ. Méjìlélógójì tó kà lẹ́ẹ̀mẹta yẹn, ti ṣọ́ọ̀bù òun ni, kì í ṣe ti Baruwa. Kò ní ṣòro láti dákẹ́. Kó kàn dín eré kù díẹ̀, kó ní kí wọ́n má bò ó mọ́, kó máa lọ. Wọ́n ti dá a láre ná. Ó gbójú sókè, ó rí Matilda tó jókòó sí igun àga, tó ń fi etí sùtánà nu ojú, ojú sì tì í.

"Zaki, fi màmá ẹ sílẹ̀," ó ní. "Aṣọ yẹn bu iyọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kódà láìsí aṣọ, á kú. Èmi ni. Mo ṣí i sílẹ̀ dán an wò, mo wá dé e fún ẹ. Àṣìṣe ọwọ́ mi ni." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Màámi, ẹ ti gbọ́."

"Mo gbọ́," Àlhájà ní.

"Àǹtí, àkókò ń lọ o," Zacchaeus ní jẹ́jẹ́. "Ẹ ò ṣe kúkú tẹ ọtomátíìkì yẹn?"

Bó bá jẹ́ àná ni, Sìdíkátù ì bá ti fún un lésì. Lónìí, ó ronú pé ọwọ́ tí òun ń fi yangàn ti ṣi òun lọ́nà. Bóyá bọ́tìnì náà ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Ó tẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀dù gbé eré lọ sí mẹ́tàlélógójì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì da iná lé e bí àlejò tó ń da epo sọ́bẹ̀. Sìdíkátù ń ka ohun tó ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo rẹ̀ títí tó fi dé ibì kan. Bọ́tìnì náà ti ní kí fáànù inú ẹ̀rọ máa yí kíákíá kí ooru tó dé. Òun kò fọwọ́ kan ibẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, nítorí fáànù gíga wà níbẹ̀, kò rántí pé fáànù inú wà. "Háà," ó ní, "o ṣeun." Ó gba ti fáànù yẹn lọ́wọ́ ọtomátíìkì, ó da ìyókù nù, ó sì fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ padà láti mẹ́rìndínlógójì, pẹ̀lú ìdérí tí wọ́n dè pinpin, nínú ooru pálọ̀ náà.

Ó fẹ́ ka tẹ̀sùbáà, kò lè kà á. Ìka rẹ̀ ń ṣì í. Àlhájà na ọwọ́. "Mú un wá. Ìwọ gbájú mọ́ ẹ̀rọ." Àlhájà ń kà, Sìdíkátù ń wò. Mẹ́tàdínlógójì. Méjìdínlógójì. Mọ́kàndínlógójì. Ní ogójì, ooru tún fẹ́ máa gorí, Sìdíkátù sì fà á padà sí mọ́kàndínlógójì, ó ní kí Àlhájà kà á ní ìgbà mẹ́rin. Matilda fi ìgbálẹ̀ gbá igun kan, ó tẹ́ ẹní mímọ́ síbẹ̀ fún wọn, wọ́n kí ìrun Súúrì. Zacchaeus rọ epo kún jẹnẹrétọ̀ dé ẹnu. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fídíò náà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ lọ sílé. Wọ́n jókòó, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iṣẹ́ parí, fídíò jáde ní odindi, jẹnẹrétọ̀ sì ṣì ń kùn. Zacchaeus fò sókè. Matilda wólẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ pálọ̀, ó ń yin Olúwa.

Sìdíkátù àti ìyá ọkọ rẹ̀ jáde sí ojú títì láti wá kẹ̀kẹ́. Sìdíkátù kò dúró kí ìyá náà béèrè. "Màámi, àdéhùn ni àdéhùn. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo máa kó ẹrù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù." Omi ti kún ojú rẹ̀, kò sì gbìyànjú láti fi pamọ́.

"Mo ti ń wò ẹ́ láti àárọ̀," Àlhájà ní. "Ẹyọ kan, o dúró. Ẹyọ kan, o tún dúró. O padà sẹ́yìn, o ní kí n tún un kà. Ṣé o mọ iye apẹ̀rẹ̀ tó ń bọ́ sílẹ̀ fún mi lójúmọ́? Kí ìwọ tó yẹ apẹ̀rẹ̀ kan wò tán, márùn-ún á ti rà. Oníbàárà á ní, 'Ìyá, ṣé kò rà nísàlẹ̀?' Ìwọ á sì da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, wàá fi ibi tó rà hàn án!"

"Màámi..."

"Dákẹ́, mi ò tíì sọ tán. Mo ti dá ẹ láre lónìí, o kọ̀ ọ́. Nínú ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà ní Shasha, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ìwà yẹn dáa, ó dùn mọ́ mi dé inú eegun, ṣùgbọ́n ọjà á pa ẹ́. Padà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ jàre. Mo máa wá ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ yá."

Sìdíkátù kò mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí èébú. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku ẹ̀gbẹ́ títì Baruwa, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo ohun tí ìyá náà sọ tí kì í ṣe òótọ́.